Ọkọ̀ Pupa Tí Wọ́n Gbé Padà

Òórùn ọ̀dà tuntun ni mo kọ́kọ́ gbọ́ létí odò yẹn, kí n tó gbúròó omi fúnra rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá gba ibi tí wọ́n ti ń kun ilé kọjá, ńṣe ni mo máa ń yára ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn Òkè-Àkò lọ́hùn-ún ni odò náà wà. Abúlé ẹ̀gbọ́n màmá mi wà ní òdìkejì, kò sí afárá, kò sí ọ̀nà ẹ̀yìn, àfi kéèyàn wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìgbà ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ni, láyé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àwọn sọ́jà. Nígbà tí ọ̀kadà já mi sílẹ̀ létí omi, àwọn olóṣèlú kan ni mo bá níbẹ̀, wọ́n ń ti ọkọ̀ onípákó kan wọ odò, pupa fòò, ẹ́ńjìnnì wà nídìí rẹ̀. Ọ̀gá wọn ní, "Wọlé, àbúrò. Àwọn èèyàn yín la fi ọkọ̀ yìí ta lọ́rẹ." Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá.

Ọkọ̀ náà bọ́ sí àsìkò lójú mi. Ojú ẹ̀gbọ́n màmá mi, Màmá là ń pè é, ọ̀kan ti fọ́, èkejì ń ṣú lọ. Àwọn dókítà ojú kan wá láti Ìbàdàn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ ọ̀fẹ́ ní Ìkọ̀lé, ọjọ́ kejì sì ni wọ́n máa palẹ̀ mọ́. Wọ́n ti sọ pé iṣẹ́ abẹ ojú tó kù yẹn ò gbọdọ̀ pẹ́ mọ́ rárá. Màmá ni mo wá mú.

Bí a ṣe gúnlẹ̀, ìró àáké ni mo gbọ́. Ọkọ̀ ògbólógbòó abúlé, ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní, èyí tí ọkọ Màmá gbẹ́ kó tó kú, ni wọ́n ń là sígi ìdáná. Jọ̀ọ́, má rẹ́rìn-ín. Òjò ti ń rọ̀ lemọ́lemọ́, gbogbo igi oko ló rin. Àwọn olóṣèlú yìí sì ti ránṣẹ́ ṣáájú pé ọkọ̀ tuntun ń bọ̀, pé ó di ti abúlé títí ayé. Ni àwọn ará abúlé bá wọ́ ògbólógbòó tó ń jò náà sábẹ́ àtíbàbà, ibẹ̀ ló gbẹ sí. Ta sì ni yóò gbé gààrí fún àlejò tó ṣe irú oore yẹn nílẹ̀ Èkìtì? Iyán ni, ó sì gbọ́dọ̀ gbóná.

Màmá fúnra rẹ̀ ló jókòó ti iná. Mo ní, "Màmá, ọkọ̀ Bàbá lẹ fi ń dáná yìí?"

"Àlejò gbé tuntun wá fún mi," ó ní, "ṣé uṣu tútù ni kí n gbé fún un jẹ?"

Wọ́n jẹ ẹ́ o. Wọ́n jẹ iyán, wọ́n jẹ ẹran ìgbẹ́, wọ́n ní kí wọ́n tún bu ọbẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa Màmá lọ sídìí ọkọ̀ pupa, wọ́n gbé ọwọ́ rẹ̀ lé e, wọ́n ya fọ́tò. Ọ̀dà náà ò tíì gbẹ, ó kun gbogbo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. "Pupa ni, àbí?" ó bi mí. "Mo ṣì ń rí pupa."

Ọ̀gá wọn ní kí àwọn kọ́kọ́ sọdá, pé ọkọ̀ ń padà bọ̀ wá gbé èmi àti Màmá. Màmá wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó gbé báàgì lọ́wọ́, a dúró létí omi. Lójú mi báyìí ni wọ́n ṣe fa ọkọ̀ náà jáde ní òdìkejì, tí wọ́n gbé e sẹ́yìn lọ́rì, tí wọ́n ń fi okùn dì í. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ọ̀kan nínú wọn juwọ́ sí mi, ó rò pé mo ń dágbére.

"Ṣé wọ́n ti ń bọ̀?" Màmá bi mí.

"Wọ́n ń gbé e lọ, Màmá."

"Lọ síbo?"

Ẹ̀yìn ìgbà náà la tó gbọ́ pé abúlé odò mìíràn ni wọ́n gbé e lọ, wọ́n tún ya fọ́tò níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin abúlé mọ omi wẹ̀, àmọ́ ta ni yóò gbé arúgbó wẹ odò tó kún? Ọ̀kan nínú wọn wẹ̀ kọjá lọ wá ọkọ̀ yá nísàlẹ̀ odò. Nígbà tí ìyẹn máa fi dé, tí a máa fi dé Ìkọ̀lé, wọ́n ti ń gbá ibi tí àwọn dókítà ti ṣiṣẹ́. Kí iṣu tuntun tó jáde, ojú kejì náà ti lọ.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àwọn ará ilé wa tó ń pòwe fún mi: a kì í tìtorí pé òjò ṣú da omi àmù nù. Mo sọ fún wọn nígbà náà, mo sì tún ń sọ ọ́: òjò kì í ránṣẹ́ ṣáájú, òjò kì í jẹ iyán ẹni. Kò sí ìwà òmùgọ̀ nínú kí èèyàn gba ọ̀rọ̀ àgbàlagbà gbọ́, kó sì fi ohun tó ní ṣe é lálejò. Ẹni tó jẹun tán tó gbé ọkọ̀ sá lọ ni ìtìjú náà tọ́ sí. Èmi ò ní dárí jì wọ́n, kí pásítọ̀ má wulẹ̀ bá mi sọ ọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, níbi tí a ti ń retí ọkọ̀, mo mú kẹrosínì pé kí n fi nu ọ̀dà yẹn kúrò lọ́wọ́ Màmá. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà. "Fi í sílẹ̀ kí n máa wò ó," ó ní. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sún mọ́ ojú tó kù. Ojoojúmọ́ ló ń wò ó bẹ́ẹ̀, títí di ọjọ́ tó bi mí bóyá ọ̀dà náà ti ṣí kúrò. Kò tíì ṣí.