Orin Tó Ń Jẹ́ Ìyá Bọ́sẹ̀

Nọ́ọ̀sì ni Bọ́sẹ̀, Riverdale ní Amẹ́ríkà ló ń gbé. Bí ẹ bá ní kí ló kan ọmọ Iléṣà kan ijó àwọn ará Scotland, ẹ fara balẹ̀. Fáyólìn tó kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nílé ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Lọ́sàn-án Sátidé, nínú gbọ̀ngàn kan ní Morrow, ìlú tó wà nítòsí, òun ló máa ń ta á kí wọ́n jó.

Wọ́n ní ijó tó yára, wọ́n ní èyí tó ń fò. Strathspey ló gba ọkàn Bọ́sẹ̀, ijó pẹ̀lẹ́ tí ìró kúkúrú máa ń já wọlé kí gígùn tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí okùn. Ìrìn ìyá rẹ̀ ló gbọ́: ẹsẹ̀ tó ń dùn ún á yára kan ilẹ̀, èyí tó le á sì pẹ́ nílẹ̀, láti pálọ̀ títí dé ẹ̀yìnkùlé. Àárò ìyá rẹ̀ sọ ọ́ gan-an. Wọn kò fún ìyá ní físà, ìwé ìgbélùú Bọ́sẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sì tíì jáde tí yóò fi lè lọ sílé kó sì padà.

Ló bá fi ìrìn yẹn ṣe orin. James, bàbá arúgbó tó ń darí ijó, fẹ́ràn rẹ̀.

"Lọ́dọ̀ wa, èèyàn la fi ń sọ orin lórúkọ, a ó sì kígbe orúkọ náà kí ijó tó bẹ̀rẹ̀. Ta ló ni èyí?"

"Màámi ni."

"Kí lorúkọ wọn?"

Bọ́sẹ̀ mirí. Ọmọ wo ló ń pe ìyá rẹ̀ lórúkọ, kí tọmọdé tàgbà wá máa kígbe rẹ̀ káàkiri gbọ̀ngàn? Ó pe ilé.

"Màámi, wọ́n fẹ́ fi name yín sórí orin o. Mi ò lè pè é."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ìyá Bọ́sẹ̀ kọ́ ni mò ń jẹ́ ni?" Ohùn rẹ̀ wá rọlẹ̀. "Kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́ ṣá. Àwọn ayálégbé tuntun yìí ò rí Bọ́sẹ̀ kankan rí. Màmá Onílé ni wọ́n ń pè mí."

Nígbà tí Sátidé dé, Bọ́sẹ̀ pe ìyá rẹ̀, ó tan sípíkà fóònù, ó gbé e sórí àga kí ìyá lè gbọ́ orin náà. Ìyá ní òun ń lọ ká aṣọ lẹ́yìnkùlé ná, ó fi fóònù tirẹ̀ sílẹ̀ ní pálọ̀, sípíkà rẹ̀ ń pariwo. James dìde, ó fi gbogbo agbára kígbe:

"Ìyá Bọ́sẹ̀!"

Ohùn rẹ̀ wọ́, àmọ́ ó rinlẹ̀. Láti inú fóònù, lókèèrè, ìyá dáhùn:

"Oòo! Mò ń bọ̀!"

Bọ́sẹ̀ sì gbọ́ ẹsẹ̀ náà lórí sìmẹ́ńtì, kúkúrú, gígùn, ó ń súnmọ́. Àwọn oníjó ti tò, wọ́n ń wò ó. Omi ti bo ojú rẹ̀. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀," ló wí. "Màámi ń bọ̀."