Ìgbà tí Bàbá Ẹ-Yàgò Gbà Láti Dúró

Àárọ̀ ni Bàbá Ẹ-Yàgò wa mọ́tò wọ inú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta àga. Oòrùn ò tíì mú, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù sì ń fi àkísà nu tábìlì kan jẹ́jẹ́, ló bá gbọ́ tí ẹnìkan ń ké bọ̀ láti orí òkè pé, "Ẹ yàgò, ẹ yàgò lọ́nà." Kí ó tó gbójú sókè, gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù ti di ẹ̀rún, mọ́tò pupa kékeré kan sì ti wà láàárín àwọn àga, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹṣin tó sáré dé. Bàbá ṣílẹ̀kùn, ó gbọn ẹ̀rún gíláàsì kúrò léjìká kóòtù rẹ̀, ó wo ọ̀tún wo òsì, ó yan àga onítìmùtìmù kan, ó jókòó lé e, ó sì fẹ̀yìn tì.

"Èyí dáa," ló wí. "Ẹ bá mi gbé e sílẹ̀ lọ́tọ̀."

Ohun tí oníṣọ́ọ̀bù rí sọ ò ju, "Bàbá, ẹnu ọ̀nà wà lọ́hùn-ún."

"Mo rí i," ni Bàbá dáhùn. "Ó há."

Ó tún gíláàsì ṣe fún ọkùnrin náà, ó sì ní kí wọ́n gbé àga náà lọ sílé fún òun. Títí tó fi lọ bá àwọn baba rẹ̀, kò gbà fún ẹnikẹ́ni pé búréèkì ló já òun kulẹ̀. Àga lòun lọ rà.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà máa pa aráyé lẹ́rìn-ín ni iṣẹ́ tí bàbá yìí ń ṣe jẹun. Tíṣà mọ́tò ni. Ìdajì àwọn tó ń wakọ̀ nílùú, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ, kò sì sí ohun tó máa ń tẹnu mọ́ fún wọn tó búréèkì. Mọ́tò tó fi ń kọ́ wọn ní búréèkì méjì, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ti mọ́tò pupa tó ń gbé lọ sílé ńkọ́? Àdúrà ló ń dá a dúró.

Mọ́tò náà rẹwà, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ọkọ̀ ìsáré àtijọ́ ni, oníjòkó méjì, imú rẹ̀ gùn, ìdí rẹ̀ sì rí roboto bí ẹyin. Ìgbà tí Bàbá wà ní ọ̀dọ́ ló ti rà á lọ́wọ́ ẹni tó ti rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn tó ṣe é ronú jinlẹ̀ nípa bí yóò ṣe máa sáré. Nígbà tí wọ́n máa fi ronú dé ibi dídúró, ilẹ̀ ti ṣú.

Bàbá wá dá ọgbọ́n tirẹ̀. Bó bá ń bọ̀ nílé, láti iwájú ilé ìfowópamọ́ ló ti máa ń gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, kí mọ́tò tó dé ẹnu géètì rẹ̀ kó ti rẹ̀ ẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé lórí òkè, gbogbo ìgbà ló ń kí wọn, nítorí òkè máa ń bá a dá mọ́tò dúró. Àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọn ò rí i mọ́. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ lọ bi ìyàwó rẹ̀ bóyá òun ṣẹ̀ ẹ́ ni. Ìyàwó ní rárá o, ilé yín ló ṣẹ̀ ẹ́.

Ìyàwó náà kì í wọ inú mọ́tò ọ̀hún. Bí wọ́n bá jọ ń lọ síbìkan, Bàbá á gbé mọ́tò, ìyàwó á gbé báàgì, á sì máa fẹsẹ̀ rìn. Bàbá á ní, "Wọlé ká lọ, ìwọ obìnrin yìí." Ìyàwó á ní, "Ẹ máa lọ, ọkọ mi. Ẹsẹ̀ tèmi ní búréèkì."

Ọlọ́pàá kan dá a dúró lọ́jọ́ kan. Ọlọ́pàá nawọ́ ní oríta, Bàbá sì dúró níwájú ilé ìwòsàn, ibi tí ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ rìn kí ó tó dé, tó sì dé tó ń làágùn. "Ṣé ẹ ò rí mi ni, Bàbá?" Bàbá wò ó tàánútàánú. "Mo rí ọ, ọmọ mi. Ibi tí mo ti rí ọ gan-an ni mo ti ń dúró bọ̀ yìí."

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ò lè dúró, iṣẹ́ wo ni yóò tún yàn? Búréèkì ló kọ́. Gáréèjì ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú sìmẹ́ǹtì. Bọ́ọ̀sì tó kó odindi àdúgbò, tó bá ti dúró bó ṣe yẹ, ọwọ́ rẹ̀ ni. Àmọ́ bàbá tó bí i lọ́mọ kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kan lára mọ́tò pupa yẹn.

Gbogbo Sọ́ńdè ló máa ń wá sílé, ìjà kan náà ni wọ́n sì máa ń jà.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n yọ búréèkì àtijọ́ yìí. Inú dúrọ́ọ̀mù, agolo irin ẹ̀yìn táyà yẹn, ló ti ń fẹ̀ láti fara ha irin, tó bá ti gbóná, ó parí. Kí n fi ti òde òní sí i, kí ó ní dísìkì, irin pẹlẹbẹ tó ń bá táyà yí, kí páàdì méjì máa fún un mọ́ra. Màá fi bústà sí i, tí á máa ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́."

"Ta ló sọ fún ọ pé ẹsẹ̀ mi ń wá ìrànlọ́wọ́? Ẹni tí kò bá lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró, kó má wulẹ̀ gbéra."

"Ẹ máa pa ẹnìkan lọ́jọ́ kan."

"Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n yàgò."

Á bínú, á gbé báàgì rẹ̀, á lọ. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, á tún dé. Ẹnu rẹ̀ ló fi ń jà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó máa ń rò ó lójú ọ̀nà pé àwọn àjèjì fi ẹ̀mí wọn sí òun lọ́wọ́, bàbá òun ò lè fi táyà mọ́tò kan sí òun lọ́wọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló ń ti inú ihò gáréèjì jáde, ó rí bàtà méjì létí ihò, ó sì mọ̀ wọ́n. Bàbá rẹ̀ ni. Kò gbé mọ́tò wá.

"Búréèkì tí o máa ń wí yẹn," ni Bàbá wí, ó ń wo bọ́ọ̀sì tó wà lókè, kò wo ojú rẹ̀. "Ṣé wọ́n ṣì ń ṣe é?"

Ohun tí obìnrin yìí ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, ó sì yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Dípò bẹ́ẹ̀, àyà rẹ̀ já. "Kí ló ṣẹlẹ̀, Bàbá?"

"Kò sí nǹkan kan. Mọ́tò náà ti ń wúwo ni."

"Mọ́tò kì í sanra, Bàbá."

"Tèmi ti sanra," ló wí, ó sì yí padà. Ìgbà yẹn ni ọmọ rẹ̀ rí i pé ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Ìyá rẹ̀ ló sọ ìyókù fún un nínú ilé ìdáná, ó ń rẹ ohùn sílẹ̀. Àìsàn kan ló ń jẹ iṣan Bàbá díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, yóò sì máa gòkè, kò sóògùn tó lè lé e padà. Bàbá ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ọmọ. Dókítà ní kó dúró nílé, kó dẹ́kun mọ́tò wíwà. Ó dá dókítà lóhùn pé dídúró gan-an lòun ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì, ẹkún sì tẹ̀ lé e.

Àdéhùn wà láàárín bàbá àti ọmọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: tí búréèkì bá wọlé tán, ìgbà kan péré ni Bàbá yóò wà á, ọmọ yóò sì jókòó tì í. Wọ́n gbé mọ́tò sókè nínú ọgbà, wọ́n bọ́ táyà rẹ̀. Bàbá jókòó sórí àpótí, ó ń pàṣẹ. Kò sí èyí tí ọmọ ṣe tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. "Má fi agbára tú u." "Ẹ̀yìn ni kí o ti fà á." "Rọra, kì í ṣe bọ́ọ̀sì nìyẹn." Nígbà tí dúrọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ jáde, ìpẹtà inú rẹ̀ dà sílẹ̀ bí iyanrìn. Ọmọ wo ìpẹtà, ó wo bàbá rẹ̀. Bàbá ní erùpẹ̀ ojú ọ̀nà ni.

Nígbà tí dísìkì, páàdì àti bústà jókòó tán, ó ku kí wọ́n fa afẹ́fẹ́ jáde nínú ọ̀pá búréèkì. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nínú mọ́tò láti máa tẹ búréèkì, ẹnì kejì á wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́. Bàbá wọlé. Ọmọ dùbúlẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, Bàbá."

"Mo tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ dì í mú. Ó ti tó, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́."

Ó pẹ́ kí ìdáhùn tó wá. Ilẹ̀kùn mọ́tò wà ní ṣíṣí, ọmọ sì gbórí sókè díẹ̀ láti ibi tó dùbúlẹ̀ sí. Ó rí bàbá rẹ̀ tó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orúnkún rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó fi gbogbo ìwúwo ara tì í, òógùn ń kán nímú rẹ̀.

"Mo tẹ̀ ẹ́," ni Bàbá wí.

Ọmọ gbé orí rẹ̀ padà sílẹ̀. Òróró búréèkì ń kán sí i lápá, kò nù ún. "Ẹ ṣeun, Bàbá," ló wí. "Ẹ máa dì í mú bẹ́ẹ̀." Báyìí ni wọ́n ṣe yí kẹ̀kẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká.

Bàbá wọ kóòtù rẹ̀, ó dé fìlà, wọ́n jáde sí títì. Ó fi ẹsẹ̀ kan búréèkì fẹ́ẹ́. Mọ́tò dúró gbọnin, fìlà Bàbá fò lọ bá gíláàsì iwájú. Ọmọ mú un, ó gbé e fún un, ó ń retí ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀.

"Ó le jù," ni Bàbá wí.

Ṣùgbọ́n kò yà sílé. Ó wà á lọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe, ó dúró, ó kí i. Ó lọ síwájú ilé ìfowópamọ́, ó dúró, ó bi ọlọ́dẹ léèrè ara àwọn ọmọ rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó dúró níwájú ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó rò pé òun ṣẹ̀ ẹ́. Gbogbo àwọn tó ti ń juwọ́ sí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, tí kò lè dúró kí, ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń bi í pé kí ló dé lónìí. Ó ní, "Mo ní kí n kí yín dáadáa ni." Ọmọ rẹ̀ kọjú sí fèrèsé ní gbogbo ọ̀nà.

Bí wọ́n ṣe délé, ó kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó sì wọlé lọ sùn. Kò sọ pé ó ṣeun. Àìsàn kúrò lẹ́sẹ̀, ó dé ọwọ́, ó dé ohùn, ìgbà tí ohùn sì ti lọ, kò sí bí yóò ṣe tún sọ ọ́ mọ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń ṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ ń fi omi tútù nu ojú rẹ̀, ó sì bá a tí ó ti lọ.

Ilé kún. Gbogbo ẹni tó wá bá wọn kẹ́dùn ló ní ìtàn kan, ẹ̀rín sì ń sọ ní pálọ̀ bí ẹni pé òkú ò sí nílẹ̀. Ọmọ ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n nǹkan kan há a láyà. Ó le jù. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí bàbá rẹ̀ sọ nípa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó yá, obìnrin àgbàlagbà kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ wọlé. Ó ní télọ̀ lòun, ìgbà tí ọkọ òun kú lòun wá kọ́ mọ́tò lọ́dọ̀ Tíṣà, ẹ̀rù sì máa ń ba òun púpọ̀. Ó wo ojú ọmọ náà títí.

"Ṣé ìwọ lọmọ tó ń ṣe búréèkì?"

"Èmi ni, Mà."

"Mo mọ̀ ọ́ kí n tó rí ọ. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé, 'Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ mi ní búréèkì, kí ló dé tí ẹ ò tún tiyín ṣe?' Ó ní, 'Ọmọ mi ni yóò tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe bíi tirẹ̀ ní gbogbo ayé yìí.' Mo ní, 'Ẹ wá gbé e fún un nígbà náà.' Ó ní, 'Tí mo bá gbé e fún un, lẹ́ẹ̀kan náà ni yóò ṣe é, yóò sì dáa. Kí la wá fẹ́ máa bá ara wa jà lé lórí mọ́? Ṣé yóò tún máa wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè?'"

Ẹ̀rín sọ lẹ́nu ọmọ náà, ẹ̀rín gidi, tó fi di ẹ̀gbẹ́ mú, tí omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ó nawọ́, ó fa àga sún mọ́ obìnrin náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà," ló wí, "ẹ dúró kí n pe ìyá mi wá láti inú yàrá. Kí ẹ tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀."