Ṣokoléètì Tí Mo Ṣe ní Ìjurìn

Òórùn kòkó tó jóná kì í tètè kúrò nínú ilé. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí ìyá mi fi ń ṣí fèrèsé ilé ìdáná sílẹ̀ láràárọ̀, tí wọ́n sì ń bi mí léèrè ohun tí mo sè nínú ìkòkò wọn gan-an. Mo ní iṣẹ́ ilé-ìwé ni. Irọ́ kọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òtítọ́.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà, mo wà ní kíláàsì kejì girama kékeré ní Ìjurìn, níbi tí bàbá mi àgbà ti ń dá oko kòkó láti ìgbà tí wọn kò tíì bí ìyá mi. Ní sáà àkọ́kọ́ ọdún yẹn, wọ́n gbé àgùnbánirọ̀ kan wá láti kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì. Ọ̀dọ́bìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, Àǹtí Kọ́pà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Lọ́jọ́ kan wọ́n pa ìwé dé, wọ́n ní láti ọ̀sẹ̀ yẹn títí di ìparí sáà, gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú di tiwa. Kí oníkálukú mú ohun kan tó wù ú lọ́kàn, kó ṣe é fúnra rẹ̀, kó máa kọ ohun tó bá rí sínú ìwé, kó sì wá fi han àwọn òbí àti olùkọ́ nígbà tí sáà bá ń parí lọ. Wọ́n ní, "Kì í ṣe ohun tó wu èmi o. Ohun tó wu ẹ̀yin ni." A ń wo ara wa. Kò sẹ́ni tó tíì béèrè ohun tó wù wá rí nínú kíláàsì yẹn, àfi tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹgba ló wù wá.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní òun fẹ́ wọn òjò. Ó ní òun á gbé agolo tó ṣófo sí àgbàlá ilé wọn, òun á sì máa fi rúlà wọn omi tó bá wà nínú rẹ̀ láràárọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tó kàn mí, mo dìde, mo gbé ohùn sókè, mo ní èmi yóò ṣe ṣokoléètì. Mo ní gbogbo ìlú yìí ló ń gbin kòkó, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń jẹ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, àti pé èmi ni n óò fòpin sí i. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún mi. Àtẹ́wọ́ yẹn ló bà mí jẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe páálí tí n óò fi wé ṣokoléètì tí n kò tíì ní. Mo ya èso kòkó sára rẹ̀, mo kọ orúkọ ara mi gàdàgbà sábẹ́ èso náà, mo fi bébà dídán tó máa ń wà nínú bisikíìtì ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ tí n óò sọ lọ́jọ́ ìfihàn, ojú ìwé mẹ́rin, níbi tí mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ gómìnà tó wá kí mi. Ohun tó ṣẹ́ kù ò ju kí n ṣe ṣokoléètì náà lọ.

Bàbá àgbà ló yẹ kí n lọ bá, àmọ́ mo fẹ́ kó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún wọn. Mo ṣáà ti kà á nínú ìwé pé wọ́n máa ń yan kòkó, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi ṣúgà sí i. Ohun tí ìwé náà sọ pé ó wà láàárín fífọ́ àti yíyan, mo fò ó, torí pé ó gùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń fọ́ kòkó lóko, mo bu hóró tútù díẹ̀ wálé, mo dà á sínú ìkòkò ìyá mi pẹ̀lú gbogbo ohun funfun tó ń yọ̀ lára rẹ̀, mo sì koná mọ́ ọn. Ẹ̀yìn rẹ̀ jóná, inú rẹ̀ ṣì tutù. Mo lọ̀ ọ́ lórí ọlọ tí wọ́n fi lọ ata láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ohun tí mo rí gbé jáde dúdú, ó ń fà, ó korò, ó sì ń ta lẹ́nu. Mo fún ọ̀rẹ́ mi tọ́ wò. Ó lọ mu omi, ó padà wá, ó ní, "Ṣé oògùn ni?"

Mo tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì sí i, kò yàtọ̀. Oṣù kọkànlá ti wọlé, òjò ti dáwọ́ dúró, "Òjò kò rọ̀" sì ni ọ̀rẹ́ mi ń kọ sínú ìwé rẹ̀ láràárọ̀. Kí n lè gbàgbé ìṣòro tèmi, mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Ohun kan ṣoṣo lò ń kọ lójoojúmọ́."

Ó ní, "Bó ṣe rí lójoojúmọ́ nìyẹn."

Àkókò ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ni àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Adó wá kí wa, wọ́n sì mú ṣokoléètì mẹ́fà wá fún mi, torí wọ́n gbọ́ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. N kò jẹ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé mo kàn fẹ́ yọ́ ọ kí n lè mọ bó ṣe ń yọ́ ni. Nígbà tó yọ́, mo ní mo kàn fẹ́ dà á sínú abọ́ kékeré nínú fíríìjì aládùúgbò wa, kí n mọ bó ṣe ń dì. Nígbà tó dì, mo ní ó yẹ kí n fi páálí mi wé e, kí n ṣáà wo bí yóò ti rí. Ó rẹwà. Bí mo ṣe di oníjìbìtì nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, tí mo sì ń ṣàlàyé ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ara mi.

Lọ́jọ́ ìfihàn, Bàbá àgbà wọ agbádá tí wọ́n máa ń wọ̀ fún ọdún Àjíǹde. Ọ̀rẹ́ mi ka ìwé òjò rẹ̀ títí àwọn òbí fi ń tòògbé. Èmi ka ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìfo gómìnà. Ọ̀gá ilé-ìwé tọ́ ọ wò, wọ́n dijú, wọ́n mirí, wọ́n ní kí bàbá tó ni kòkó náà bọ́ síwájú. Bàbá àgbà ṣí fìlà. Wọ́n fi ṣokoléètì náà sẹ́nu, wọn kò jẹ ẹ́, wọ́n kàn dúró bí ẹni tó ń tẹ́tí sí nǹkan.

Wọ́n ní, "Gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣe uṣẹ́ yìí, n kò mọ̀ pé báyìí ló ń dùn. Àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ wa ò sọ fún wa."

Ojú wọn kún fún omi. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n sì fún mi ní ẹ̀bùn ipò kìíní: ìwé ńlá kan àti pọ́ọ̀sì tí kọ́ńpáàsì àti rúlà wà nínú rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni mo kọ orúkọ mi sí i níbi mẹ́ta.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nígbà ìjẹ́rìí, Bàbá àgbà dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ròyìn ohun tí wọ́n fi ẹnu wọn jẹ láti inú oko tiwọn, láti ọwọ́ ọmọ ọmọ tiwọn. Àlùfáà gbàdúrà pé n óò bọ́ orílẹ̀-èdè púpọ̀. "Àmín" tí ìjọ ṣe mi òrùlé. Èmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì tán.

Nígbà tí a gba ìsinmi Kérésìmesì, mo lọ bá Bàbá àgbà, mo ní mo fẹ́ ṣe òmíràn. Inú wọn dùn. A fọ́ kòkó, a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ mẹ́fà, a sá a sínú ọyẹ́ títí ó fi gbẹ tí ó ń dún. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí pé, "Ṣé bó o ṣe ṣe ti ìjọsí nìyí?" Gbogbo ìgbà ni mo ń dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Mo yan án, mo fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, mo lọ̀ ọ́ fún odindi ọjọ́ méjì títí apá mi fi wú. Ó dì lóòótọ́, àmọ́ ó le, ó ń ṣe ṣàkìṣàkì lẹ́nu, ó sì korò ju ṣúgà tí mo fi sí i lọ. Mo gbé e lọ bá wọn lójúde.

Wọ́n rún un pẹ́. Wọ́n ní, "Ti ìjọsí dùn ju èyí lọ. Kí ló dé?"

Mo ti to irọ́ kalẹ̀ fún ìbéèrè yẹn, àmọ́ òótọ́ ló jáde lẹ́nu mi. "Bàbá, Adó ni wọ́n ti ra ti ìjọsí."

N kò rí ìbínú lójú wọn. Wọ́n kàn dìde, wọ́n wọ ilé lọ, wọn kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí. "Kó gbogbo èyí tó kù dání."

Wọ́n tún dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ará, mo sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ fún yín, n kò mọ̀ ni. Èyí tí mo jẹ níjọ́sí, kì í ṣe ti oko mi. Ti oko mi ti wà báyìí. Ó korò. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́ ọ wò, kó dúró dè wá níta." Wọn kò dárúkọ mi. Kò tiẹ̀ nílò rẹ̀, gbogbo orí ló yí sọ́dọ̀ mi.

Níta, èmi ni mo gbé àwo. Mo rò pé wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín ni, àmọ́ àwọn àgbẹ̀ arúgbó tò síwájú mi, wọ́n ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rún un, wọ́n ń fajú ro. Ọ̀kan ní, "Áà! Ohun tí wọ́n ń kó lọ sókè òkun nìyí?" Òmíràn ní ṣúgà ló kù. Ẹ̀kẹta ní rárá, ó yẹ kó lo ọjọ́ kan sí i lábẹ́ ewé. Ni Bàbá àgbà bá ní ta ló ń kọ́ àwọn ní bí wọ́n ṣe ń bo kòkó? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn níbẹ̀, wọ́n gbàgbé mi, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ wọn kò kúrò nínú àwo títí ó fi ṣófo. Kò sẹ́ni tó tu tiẹ̀ dànù.

Nígbà tí ilé-ìwé wọlé padà, mo kó ẹ̀bùn mi lọ fún Àǹtí Kọ́pà, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní, "Ṣé o kọ àwọn tó jóná yẹn sínú ìwé rẹ?" Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Lọ kọ ọ́." Wọ́n kó ẹ̀bùn náà fún ọ̀rẹ́ mi. Ó rí orúkọ mi níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó mú rúlà, ó fa ìlà gbọnrangandan kọjá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èmi náà ti di olùkọ́ sáyẹ́ǹsì báyìí ní Èfọ̀n, mo sì máa ń fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ọ̀sán kan lọ́sẹ̀ láti fi ṣe ohun tó wù wọ́n. Bí ọ̀kan bá gbé ohun tó ń dán gbinrin wá, mo máa ń bi í pé kí ló kọ́kọ́ bàjẹ́. Bí kò bá sí ohun tó bàjẹ́, òógùn á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ lójú rẹ̀. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní mo lóye ọmọdé. N kò tíì sọ ibi tí mo ti rí òye náà fún wọn.

Bàbá àgbà ti sùn. Títí wọ́n fi lọ, wọn kò dárúkọ ṣokoléètì níwájú mi mọ́. Àmọ́ lọ́dọọdún, níbi yòówù kí n wà, wọ́n máa ń pè mí lórí fóònù nígbà tí kòkó bá pọ́n. Wọ́n á ní, "A ti ń fọ́ kòkó o. Ṣé ò ń bọ̀?" Mo máa ń lọ. A jọ máa ń bò ó, a jọ máa ń sá a, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì tó jẹ́ sọ pé kí a tọ́ ọ wò.