Àárọ̀ Tí Mo Rọ Àṣàbí Lẹ́kọ

Ikọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tí ara fi fu mí. Àṣàbí, ọmọ ọmọ mi, oṣù méje péré, nà gbalaja lórí itan mi, ẹ̀kọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi, mo sì ti fi ọwọ́ bò ó nímú bí a ti í ṣe. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò wúkọ́ mọ́. Kò ké. Ètè rẹ̀ dú bí aṣọ aró.

Ní agbo ilé wa ní Ìjemò, èmi ni wọ́n ń gbé ọmọ tó bá kọ oúnjẹ wá bá. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: a ó tẹ́ ọmọ sórí itan, a ó dí i nímú, yóò sì di dandan kó gbé ẹ̀kọ mì kó tó lè mí. Ìyá mi ló kọ́ mi, ìyá tirẹ̀ ló kọ́ ọ. Ọmọ tí mo bá rọ, ikùn rẹ̀ á yọ rùbùtù, èmi á wá máa wo àwọn ìyàwó kéékèèké bíi pé wọn ò mọ nǹkan kan.

Ìbídùn, ìyàwó ọmọ mi, ti bẹ̀ mí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ara ọmọ gbóná díẹ̀, imú rẹ̀ sì dí. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ó ń wúkọ́."

Mo pòṣé. "Ọmọ mélòó lo ti bí?"

Àkọ́bí rẹ̀ ni. Ìbídùn náà ló já ọmọ gbà lọ́wọ́ mi nígbà tí ètè ọmọ dú. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí apá, orí lọ sísàlẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká méjèèjì títí ẹ̀kọ fi tú jáde lẹ́nu àti nímú, tí ọmọ ké. Èmi jókòó lórí àpótí, ẹ̀kọ ń kán lọ́wọ́ mi. Ẹ má rò pé mo dúpẹ́ o. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ṣé o fẹ́ dá ọmọ lápá ni?"

Lọ́jọ́ kejì ara ọmọ gbóná janjan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọnú ní gbogbo ìgbà tó bá fa èémí, ó sì ń kérora. Òtútù àyà nìyẹn: ẹ̀dọ̀fóró, ibi tí èémí ń wọ̀, ló ti wú. Ará ilé bi mí pé kí ló dé. Mo ní ọmú Ìbídùn ló bàjẹ́, kó má fún ọmọ lọ́mú mọ́. Ó dáwọ́ ọmú dúró. Ọmú rẹ̀ wú, ó ń ro ó, omi ọmú ń rin aṣọ rẹ̀, ọmọ sì ń nawọ́ sí i. Mo rí i, mo sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Obìnrin kan wà ní Aké tó ti Sàró dé, tó ti tọ́jú aláìsàn lọ́hùn-ún. Ìyá Sàró là ń pè é. A gbé ọmọ lọ. Àwa bíi mẹ́wàá la jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, à ń dúró kó kàn wá. Mò ń bẹ Ọlọ́run kí èémí ọmọ náà má dúró, mo tún ń bẹ̀ ẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bi mí léèrè nǹkan kan.

Nígbà tó kàn wá, mo sọ fún Ìyá Sàró pé ọmú Ìbídùn ló bàjẹ́. Ó gbé etí lé ọmọ lẹ́yìn, ó sì bèèrè bóyá nǹkan pá a lórí kí àìsàn náà tó bẹ̀rẹ̀. Ìbídùn tẹjú mọ́ ẹní. Ìyàwó ilé kì í tú àṣírí ìyá ọkọ.

Ìyá Sàró wá kọjú sí mi. "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ ọmú ló bàjẹ́, a ó wá ọmú ẹlòmíràn. Bó bá jẹ́ oúnjẹ ló gba ọ̀nà èémí, ọmú ìyá rẹ̀ ló lè gbé e ró, ẹ ò sì gbọdọ̀ rọ ọ́ mọ́."

Obìnrin méjì tí mo ti bá rọ ọmọ wà lórí ẹní yẹn. Mo la ẹnu. "Èmi ni. Mo rọ ọ́, ó pá a lórí. Ọmú ìyàwó mi ò ṣe nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa."

Ilẹ̀ ì bá lanu, ǹ bá wọnú rẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà níbẹ̀ o, orí itan mi gan-an ni orí ọmọ ti wọ́.

Ìtọ́jú náà kò le, sùúrù ló gbà. A gbé e nàró mọ́ àyà, tọ̀sán-tòru, kó lè rí èémí mí. Ìbídùn ń fún omi ọmú sínú ife, ó ń fi ṣíbí kékeré kán an sí i lẹ́nu, á dúró kó gbé e mì kó tó kán òmíràn. Bí èémí bá ti ń sáré, a ó dáwọ́ dúró. A gbé ààrò jìnnà kí èéfín má bàa kàn án. A ń wo aṣọ ìdí rẹ̀: bó bá tọ̀, omi ṣì wà lára. Èmi ló ń fọ àwọn aṣọ náà. Ó tó ọjọ́ mẹ́fà kí abẹ́ ìhà rẹ̀ tó dákẹ́, tó sì gbá ọmú mú fúnra rẹ̀. Ìbídùn sunkún, n ò lè wò ó lójú.

Ọ̀nà méjì ló wà nínú ọ̀fun, ọ̀kan fún oúnjẹ, ọ̀kan fún èémí. Ikọ́ ni ẹ̀ṣọ́ wọn. Ọmọ tó ń wúkọ́ lórí itan yín kì í ṣe alágídí, ara rẹ̀ ló ń gbà á là. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara kékeré yẹn, tó bá mi jà tó sì borí mi. Àmọ́ mo máa ń rántí àwọn ọmọ mìíràn tí mo rọ, tí a ní òtútù lásán ló pa wọ́n. Mo mọ orúkọ wọn.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, Ìbídùn bí ọkùnrin. Nígbà tó tó ẹ̀kọ í jẹ, mo sá sẹ́yìn ilé. Ó wá mi kàn. Ó gbé ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀, ní ìjókòó, ó sì fi ṣíbí kékeré náà lé mi lọ́wọ́.