Akọ Ni Tàbí Abo? Bí Mo Ṣe Wá Orí Wáyà Tẹlifíṣọ̀n Dé Ọ̀yẹ́

Ẹ̀yin ará mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nítorí irin kékeré kan. Fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlógbò, ìlú wa, nígbà náà.

Bọ́sẹ̀ àbúrò mi fẹ́ dá orin kọ nínú kọ́áyà wọn lórí tẹlifíṣọ̀n, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Màmá wa kò lè rìn mọ́, wọn kò lè lọ wò ó. Àfi kí n gbálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí n fẹsẹ̀ kọ́ wáyà ańtẹ́nà! Irin ẹnu rẹ̀ tó ń wọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kán.

Bí mo ṣe fẹ́ lọ ra òmíràn, Màmá ní kí n mú èyí tó kán dání. Mo ní tíṣà ni mí, ṣé n kò ní lè júwe rẹ̀ ni?

Ní Ìdó, mo béèrè orí wáyà bí a ṣe ń pè é nílé. Orí wáyà áyọ́ọ̀nù ni wọ́n gbé fún mi! Mo ṣàlàyé títí. Wọ́n ní píìnì ni wọ́n ń pè é, tiwọn sì ti tán.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yẹ́, mo béèrè píìnì. Ọkùnrin tó ń tà á wò mí tìyanu-tìyanu. Ìgbà tí mo fọwọ́ júwe rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín.

“Àǹtí, ẹ ò tètè wí pé jáàkì! Akọ ni tàbí abo?”

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, èmi olùkọ́ Sunday School! Mo ní kó fún mi ní èyíkéyìí tó bá dára. Ó fún mi ní abo.

Mo délé, àṣé ihò ni abo ní, bíi ti ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n: ihò kojú ihò! Agogo mẹ́rin ti fẹ́ lù. Ó rẹ̀ mí débi pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí.

Màmá kò bá mi wí. “Bó wáyà yẹn, tì í bọ ihò, fi igi ìṣáná há a. Uṣẹ́ tíṣà kọ́ lèyí o!”

Mo ṣe bẹ́ẹ̀, àwòrán yọ, ó tún lọ. Ìgbà tí mo bá fọwọ́ di wáyà mú nìkan ló ń dúró. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ni mo dúró sí títí orin fi parí. N kò rí Bọ́sẹ̀ rárá, ojú Màmá ni mo ń wò. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa mú èyí tó bàjẹ́ dání lọ ọjà. Kí lẹ ń pe irin yìí ní ìlú tiyín? Ta ló sì ti rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ rí?