Fìlà Òwú Nínú Ooru Fegge

Ẹni tí kò bá gbé abẹ́ páànù ní Fegge nílẹ̀ Ibo lóṣù kẹta rí, kó má bá mi sọ̀rọ̀ ooru. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, nígbà tí owó epo ń wọlé tí tolórí tẹlẹ́mù ń kọ́lé, onílé wa sáré kan páànù tuntun lé ògiri àtijọ́, kò fi àjà sí i. Yàrá kan ṣoṣo ni èmi, ọkọ mi àti máṣìn ìránṣọ mi jọ ń gbé. Bó bá di ọ̀sán, irin máṣìn kì í ṣe é fọwọ́ kàn. A ó bu omi sílẹ̀, a ó dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.

Ibẹ̀ ni mo bí àkọ́bí mi sí, obìnrin. Ìyá ọkọ mi ti Ọ̀yọ́ wá láti wẹ ọmọ, bí a ti ń ṣe nílé wa. Òtútù ni wọ́n mọ̀ pé ó ń pa ọmọ tuntun. Wọ́n á fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, wọ́n á wọ súwẹ́tà fún un, wọ́n á dé fìlà òwú lé e, wọ́n á ti fèrèsé pa. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan fáànù, pé atẹ́gùn rẹ̀ á wọ èmi àti ọmọ lára. Ta ni mo jẹ́ tí n óò bá wọn jiyàn? Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n tọ́ là.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ kọ ọmú. Ara rẹ̀ gbóná janjan.

"Òtútù ti mú un," ni ìyá wí. "Ìyàwó, mú ìbora wá."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bọ́ súwẹ́tà yìí."

"Ṣé o fẹ́ pa á ni?"

Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo mú ìbora náà wá.

Nígbà tí gìrì mú ọmọ, igbe mi ló mú obìnrin Ibo tó wà ní yàrá kejì wọlé. "Nne, biko, comot all this cloth!" Ó bọ́ gbogbo aṣọ ara ọmọ, ó ń fi aṣọ tútù nù ún. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọmọ kú kí ọkọ mi tó ti ibi iṣẹ́ dé.

Àwọn ará wa ń wá kí mi: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Mo ń ṣe àmín lẹ́nu. Omi wo? Ọmọ tó ti ń fi ojú wá mi kiri yàrá!

Ìyá ọkọ mi nìkan ni kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń làágùn, omijé ń bọ́ lójú wọn.

"Báyìí náà ni mo ṣe wẹ ọkọ rẹ," ni wọ́n wí.

Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. N kò wá rí ẹni tí n óò bínú sí.