Ìgò Omi Òjò Àkọ́kọ́

Obìnrin tí gbogbo ilé iṣẹ́ ọ̀dà ń pè ní Ìyá Gọ́tà kì í pariwo. Bí inú bá ń bí i, ìgbálẹ̀ ló máa ń mú. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ó gbálẹ̀ títí ìgbálẹ̀ rẹ̀ fi jẹ tán, tó ku ìdí lásán. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí inú yẹn á ti rí.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Kí òjò tó dé, kó ti fi tapólì bo àwọn àgbá tó wà níta, kó ti da iyanrìn sórí ọ̀dà tó bá dà sílẹ̀, kó sì gbá a kúrò, kí omi òjò má baà gbé e gba inú gọ́tà lọ sódò. Bí òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn bá ti bẹ̀rẹ̀, kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé, kó ti bu omi ẹnu gọ́tà sínú ìgò kí ìjọba lè fi ṣàyẹ̀wò. Omi àkọ́kọ́ yẹn ló ń fọ gbogbo ẹ̀gbin àgbàlá, òun ló sì ń tú àṣírí.

Ohun tó wà nínú ìwé nìyẹn. Ti ọ̀gá yàtọ̀. Lọ́dọọdún ni ọ̀gá ń rọ omi ẹ̀rọ sínú ìgò, tó ń tò wọ́n sínú fíríìjì ọ́fíìsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mínírà rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, kí Ìyá Gọ́tà kọ ọjọ́ àti aago sára ọ̀kan, kó fọwọ́ sí i, ó parí. Odidi ọdún mẹ́fà ló fi fọwọ́ sí i. Ta ló tiẹ̀ fẹ́ lọ dúró sínú òjò? Tapólì ya, ó béèrè òmíràn, ọ̀gá ní kó ní sùúrù. Ó ní sùúrù náà.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ló ń sin ẹja nísàlẹ̀ odò. Lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́ ọdún tó kọjá, gbogbo ẹja rẹ̀ léfòó, ikùn wọn sókè. Ó gbé méjì wá sẹ́nu géètì. Ọ̀gá jáde sí i níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó pè é ní ọ̀lẹ, ó ní oúnjẹ tó ti bu ló ń fún ẹja jẹ. Ó wá na ìwé àyẹ̀wò sí i: omi àwọn mọ́ tónítóní, kó wo ọjọ́, kó wo aago, kó wo ẹni tó fọwọ́ sí i. Àbúrò wo orúkọ náà, ó gbójú sókè, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn ló kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú, kò sì gbé fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́.

Látìgbà náà ni obìnrin yìí ti dì í sínú. Ó bínú sí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá ló kórìíra, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó kórìíra bàtà rẹ̀ tó ń dán, ó kórìíra ikọ́ rẹ̀ pàápàá. Láràárọ̀ ló ń kí i pé ẹ kú iṣẹ́ sà, tí yóò sì wojú ọ̀run bóyá òjò ń bọ̀.

Òjò dé lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ó kọ́kọ́ bo gbogbo àgbá tí tapólì yíya náà lè bò, torí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ló fà á. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́nu gọ́tà. Omi tó jáde pupa, ó ń hó, òórùn rẹ̀ ń ta síni nímú. Ó bu ìgò kan kún, ó dé e, òjò ń rọ̀ lé e lórí, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Nígbà tí obìnrin àyẹ̀wò láti ọ́fíìsì ìjọba wá gba ìgò lọ́jọ́ kejì, méjì ló bá lórí tábìlì ọ̀gá. Ìyá Gọ́tà fọwọ́ kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣàlàyé pé ọ̀kan ti inú fíríìjì wá, èkejì ti ẹnu gọ́tà wá.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní kí àlejò má dá ìyá àgbà lóhùn, ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ ló ń dùn ún. Ó wá yíjú sí i, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Màmá, ìwé ọdún mẹ́fà ló wà lọ́dọ̀ ìjọba. Orúkọ ta ló wà níbẹ̀? Ṣé tèmi ni?"

"Tèmi ni, sà. Gbogbo ẹ̀."

Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó yọ bébà kan tó ká síbẹ̀, ó nà án sí obìnrin àyẹ̀wò. Gbogbo ọjọ́ tó fọwọ́ sí omi ẹ̀rọ ló kọ síbẹ̀, èyí tó pa ẹja àbúrò rẹ̀ ló wà lókè pátápátá. Ọ̀gá na ọrùn wo bébà náà. Ó bi Ìyá Gọ́tà bóyá ó mọ̀ pé bí ìjọba bá mú òun, òun nìkan kọ́ ni yóò lọ.

"Mo mọ̀," ni Ìyá Gọ́tà wí. "A jọ ń lọ ni, sà."

Ó wá fa bírò ọ̀gá kúrò níwájú rẹ̀, ó kọ ọjọ́ àti aago sára ìgò pupa náà, ó sì fọwọ́ sí i.